Àwòrán sọ̀wédowó yín ló ń lọ sí Èkó, bébà ò kúrò lójú kan: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá mi àgbà àti ohun tó yẹ kí ẹ̀yin náà mọ̀

Lóṣù kìíní ọdún 2024, bàbá mi àgbà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ń ṣe oko kòkó n'Ídànrè, kọ sọ̀wédowó owó ilé ẹ̀kọ́ fún àbúrò mi tó wà ní ilé ìwé girama kan l'Ákùúrẹ́. Owó náà ò tó 200,000 náírà. Èyí tó wà nínú àkáǹtì Bàbá lọ́jọ́ náà sì ju ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ lọ, torí pé wọn ò tíì ná nínú owó kòkó tí wọ́n tà kí ọdún tó parí. Ọjọ́ kẹta ni akọ̀wé owó ilé ẹ̀kọ́ náà pe Bàbá lórí fóònù pé kí wọ́n má bínú o, sọ̀wédowó wọn ti padà wá.

Ẹni tó bá mọ àwọn àgbà ayé àtijọ́ yóò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí létí wọn. Bàbá ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ tíṣà, wọn ò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè tó dé etí ìta. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé ìròyìn á ti kálẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, tí ó jẹ́ pé àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ ọmọ tí Bàbá kọ́ níwèé, pé Ọ̀gá Tíṣà kọ sọ̀wédowó tí kò sówó nídìí ẹ̀. Wọ́n ní kí n wálé kíákíá, nítorí èmi ni wọ́n rán lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga láti lọ kọ́ nípa ìròyìn, wọ́n sì gbà pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìròyìn gbọ́dọ̀ mọ ohun gbogbo.

N ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ̀ lé wọn lọ sí báńkì wọn l'Ákùúrẹ́, ohun tí wọ́n kọ mọ́ sọ̀wédowó náà ò ní í ṣe pẹ̀lú owó rárá. Wọ́n ní ìbuwọ́lù tó wà lórí ẹ̀ kò bá èyí tó wà lọ́wọ́ báńkì mu. Ọdún 1984 ni Bàbá ṣí àkáǹtì yẹn. Ọwọ́ tí wọ́n fi buwọ́ lùwé nígbà náà le, ó sì dúró ṣinṣin, wọ́n sì máa ń fa ìrù lẹ́tà ìkẹyìn gùn bí ìrù àkèré. Nísinsìnyí ọwọ́ ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ìrù lẹ́tà náà ò sì gùn mọ́.

Bàbá bi òṣìṣẹ́ tó dá wa lóhùn pé, ṣebí bí wọ́n ṣe ń buwọ́ lù ú láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn nìyẹn, tí àwọn ọ̀gá tó wà ní ẹ̀ka yìí ń sanwó. Ọmọbìnrin náà rọra ṣàlàyé fún wọn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ìyẹn sì wọ̀ mí lójú. Ó ní àwọn tó wà ní ẹ̀ka Àkúrẹ́ mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n sọ̀wédowó tí wọ́n bá kọ fún ẹlòmíràn, tó bá gba báńkì mìíràn wọlé, kì í wá sí Àkúrẹ́ mọ́. Àwòrán ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́, yàrá kan l'Ékòó ni wọ́n sì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, lọ́wọ́ ẹni tí kò rí Bàbá rí láyé ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí n wádìí ìdí ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé Bàbá nìkan kọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ sí.

BÓ ṢE WÀ TẸ́LẸ̀

Ẹ jẹ́ ká rántí pé bébà ni sọ̀wédowó, bébà yẹn gan-an ló sì ń rìnrìn àjò nígbà kan. Bí oníkòkó kan n'Ídànrè bá gba sọ̀wédowó báńkì kan tó wà ní Kánò, tó sì lọ sàn án sínú àkáǹtì tirẹ̀ l'Ákùúrẹ́, báńkì Àkúrẹ́ kò ní fún un lówó lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á kó o pọ̀ mọ́ àwọn yòókù sínú àpò, àpò náà á wọ mọ́tò, á dé ibi tí àwọn báńkì ti ń pàdé láti pààrọ̀ sọ̀wédowó, wọ́n á tún kó o lọ sí báńkì tó ni ín kí wọ́n lè yẹ ìbuwọ́lù wò, kí wọ́n sì mọ̀ bóyá owó wà nídìí ẹ̀.

Ọdún 1961 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ìyẹn CBN, dá irú ibi ìpàdé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ l'Ékòó. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti ìyá ẹlẹ́ran àti ìyá aláta tí wọ́n ń ra ọjà àwìn lọ́wọ́ ara wọn. Tó bá dọjọ́ ìṣirò, wọn ò ní máa ka owó síra wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á yọ ti ẹnì kan kúrò nínú ti ẹnì kejì, ẹni tó bá ṣì jẹ nìkan ló máa sanwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn báńkì ń ṣe.

Ètò náà dára, ṣùgbọ́n ó falẹ̀. Sọ̀wédowó ìlú òkèèrè lè gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó di owó. Bí ọkọ̀ bá takú lọ́nà tàbí tí òjò bá ba títì jẹ́, ó tún kù nìyẹn. Àwọn tó ń ta kòkó nígbà yẹn mọ ohun tí mò ń sọ: wọ́n á ti kó ẹrù wọn lọ, bébà ló kù sọ́wọ́ yín, ẹ ò sì ní lè san owó àwọn lébìrà títí bébà yẹn á fi lọ tí á sì fi bọ̀.

ÌGBÀ TÍ WỌ́N GÉ ÌRÌN ÀJÒ BÉBÀ KÚRÚ

Oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni CBN bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun tí wọ́n ń pè ní cheque truncation, ìyẹn ni pé wọ́n gé ìrìn àjò bébà náà kúrú. Báńkì tí ẹ bá mú sọ̀wédowó lọ ni bébà fúnra ẹ̀ máa dúró sí. Wọ́n á ti í bọ ẹ̀rọ kan tó ń ya àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ̀rọ náà tún máa ka àwọn nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn tí wọ́n fi táǹdà tó ní agbára mágínẹ́ẹ̀tì tẹ̀, tó ń sọ nọ́ńbà sọ̀wédowó, báńkì tó ni ín àti nọ́ńbà àkáǹtì. Àwòrán àti nọ́ńbà wọ̀nyí ló máa gba ọ̀dọ̀ NIBSS kọjá, iléeṣẹ́ tí CBN àti àwọn báńkì jọ ni, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1993, títí á fi dé báńkì tó máa sanwó. Bí kò bá sí àléébù, ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni owó máa wọlé, ìbáà jẹ́ sọ̀wédowó Kánò tàbí ti Àkúrẹ́.

Ẹ wò ó, ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí a ti kọ́ ọ̀rọ̀ sọ̀wédowó pàápàá, ọjọ́ kẹtàlá dín lọ́gbọ̀n kọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn, ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tiwa. Nǹkan tí a fi ṣáájú wọn ò pọ̀, ẹ jẹ́ ká fi èyí yangàn díẹ̀.

Amẹ́ríkà ló ti ṣáájú wa, ohun tó sì sún wọn dé ibẹ̀ kì í ṣe ohun ayọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ń kó sọ̀wédowó káàkiri orílẹ̀-èdè wọn tó tóbi. Nígbà tí àwọn apániláyà kọlu New York àti Washington lọ́jọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀. Òbítíbitì sọ̀wédowó há sí pápákọ̀, àwọn kan ti gba owó, báńkì tó máa san án ò sì tíì rí bébà. Owó tó dúró láàárín méjì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ báńkì àpapọ̀ wọn ju bílíọ̀nù 47 dọ́là lọ lọ́sẹ̀ náà. Ẹ̀rù ba àwọn aláṣẹ. Lọ́jọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2003, Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n ń pè ní Check 21, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún kan géérégé lẹ́yìn náà. Òfin náà ní ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ láti ara àwòrán sọ̀wédowó lágbára bíi bébà gan-an.

Àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ náà ráhùn. Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn lára pé ní ìparí oṣù, báńkì á dá sọ̀wédowó tí wọ́n ti kọ padà fún wọn, wọ́n á sì tò ó sínú páálí gẹ́gẹ́ bíi rìsíìtì. Lẹ́yìn òfin yẹn, àwòrán ni wọ́n ń rí. Ṣùgbọ́n òfin náà ò fi wọ́n sílẹ̀ lásán. Bí wọ́n bá yọ owó ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì nítorí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, ó ní ogójì ọjọ́ láti fẹjọ́ sùn. Bí báńkì ò bá sì tíì parí ìwádìí ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, wọ́n gbọ́dọ̀ dá owó náà padà títí dé 2,500 dọ́là, kí wọ́n tó máa bá ìwádìí lọ.

ẸNI TÓ FI ÀYÈ ỌJỌ́ GBÁLẸ̀

Tiwa ńkọ́? Èrè àkọ́kọ́ hàn kedere. Ẹni tó ń gba owó kì í dúró pẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ sọ̀wédowó ti pàdánù ohun kan tí kò sí nínú ìwé òfin kankan, ìyẹn ni àyè ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin tó máa ń wà láàárín ìgbà tó kọ ọ́ àti ìgbà tí báńkì á yọ owó. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń fi àyè yẹn ṣe ọgbọ́n. Wọ́n á kọ sọ̀wédowó lọ́jọ́ Ẹtì, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé kó tó di Ọjọ́bọ̀, àwọn tó jẹ àwọn lówó á ti san. Ọgbọ́n yẹn ti di ewu báyìí. Bí owó ò bá sí nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ kọ ọ́, ẹ má kọ ọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òfin tó de sọ̀wédowó òfìfo ti wà láti ọdún 1977. Ẹni tó bá fi irú ẹ̀ gba ọjà tàbí gba àwìn, tí wọ́n gbé e lọ sí báńkì láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀, tí kò sì sówó nídìí ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni, kò sì sí pé ó lè san owó ìtanràn dípò. Ẹni tó bá lè fi hàn pé ìdí gúnmọ́ wà tí òun fi gbà pé wọ́n á san án nìkan ni òfin náà fún ní àyè. Ohun tí mo tètè sọ fún Bàbá ni pé ọ̀rọ̀ àìsí owó ni òfin náà ń bá wí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lù tó yí padà. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa.

Ohun mìíràn tó ti yí padà ni dídá sọ̀wédowó dúró. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá rí i pé ẹni tí ẹ kọ ọ́ fún ti yàn yín jẹ, tàbí tí ìwé sọ̀wédowó yín sọnù sínú mọ́tò, ẹ ṣì lè wọ ọkọ̀ lọ sí báńkì lọ́la tàbí lọ́túnla láti sọ pé kí wọ́n má san án. Lónìí, wákàtí ni ẹ ní, kì í ṣe ọjọ́. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú lẹ́tà. Kí nọ́ńbà báńkì yín wà nínú fóònù yín, kó sì tún wà lára ògiri ilé, torí fóònù náà lè kú.

ÀWÒRÁN KÒ ṢEÉ FỌWỌ́ KÀN

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí. Òṣìṣẹ́ báńkì tó bá mú bébà lọ́wọ́ lè gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó lè fọwọ́ pa á kó mọ̀ bóyá wọ́n ti fi nǹkan ha iye owó tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò. Ẹni tó ń wo àwòrán ò lè ṣe ìyẹn. Nítorí náà, báńkì tó kọ́kọ́ gba bébà ni ojú wà lára ẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó tó ya àwòrán, tí báńkì tó máa sanwó sì ń gbára lé ojú yẹn. Bí àwọn ti àkọ́kọ́ bá ṣe é bí iṣẹ́ kíákíá, oníjìbìtì ti ráyè nìyẹn. Ìdí nìyí tí CBN fi ṣe ìlànà tuntun fún títẹ sọ̀wédowó, tí wọ́n sì ní àwọn ti àtijọ́ ò gbọ́dọ̀ kọjá mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2021. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní ìwé sọ̀wédowó tó ti pẹ́ nínú àpótí, ẹ lọ fi í hàn báńkì yín kí ẹ tó kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n bá fi ìbuwọ́lù ayédèrú gba owó yín, báńkì ló sanwó láìgba àṣẹ yín, òfin ò sì ní kí ẹ̀yin ru ẹrù náà, àyàfi tí ìwà àìbìkítà yín bá ló ṣílẹ̀kùn fún olè. Ẹni tó buwọ́ lu sọ̀wédowó láìkọ iye owó sí i, tó sì fi lé ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́wọ́, ẹjọ́ wo ló fẹ́ rò? Ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sun báńkì, kí ẹ sì gba ìwé pé ẹ ti wá. Bí wọn ò bá yanjú ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà ní CBN.

Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ámẹ́ríkà náà ní tiwọn. Láti ọdún 2009 ni báńkì kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ USAA ti jẹ́ kí oníbàárà fi fóònù ya àwòrán sọ̀wédowó láti inú ilé, ọ̀pọ̀ báńkì sì ti tẹ̀ lé e. Àwọn gbájú-ẹ̀ wá rí ọ̀nà. Wọ́n á fi sọ̀wédowó ayédèrú ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, wọ́n á ní kó sàn án, kó mú díẹ̀ níbẹ̀, kó fi ìyókù ránṣẹ́ padà. Owó á hàn nínú àkáǹtì ẹ̀ lọ́jọ́ kejì nítorí òfin ibẹ̀ ní kí báńkì tètè jẹ́ kí oníbàárà rí owó lò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni àṣírí á tú, báńkì á sì gba owó wọn padà lọ́wọ́ ẹni tó sàn án. Ẹ bá wọn sọ ọ́ tí wọ́n bá pè.

OHUN TÍ WỌ́N SỌ FÚN WA NÍ BÁŃKÌ

Ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn náà sọ àwọn nǹkan kan tí n ò gbọ́ rí. Ó ní ká má kọ nǹkankan, ká má sì lu òǹtẹ̀ sórí ìlà funfun tó wà nísàlẹ̀ sọ̀wédowó, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ka nọ́ńbà. Bàbá ní ìrù lẹ́tà àwọn àtijọ́ máa ń wọ ibẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní ká má ṣe é ní ìṣẹ́po mẹ́rin bọ àpò, ká má fi pín-ìn-nì gún un, bí a bá sì ṣe àṣìṣe lórí ẹ̀, ká fa á ya, ká kọ òmíràn, dípò ká fagi lé e ká tún buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún bi Bàbá bóyá nọ́ńbà fóònù tó wà lọ́wọ́ àwọn ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ báńkì ló máa ń pe ẹni tó kọ sọ̀wédowó kí wọ́n tó san owó tó bá pọ̀. Nọ́ńbà náà ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ìyẹn ì bá tún dá sọ̀wédowó mìíràn padà.

Mo bi í pé kí ló dé tí Bàbá ò kàn ní kọ sọ̀wédowó tí akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ á gbà ní owó ọwọ́ lórí káúńtà. Ó ní láti oṣù kìíní ọdún 2023, sọ̀wédowó tí wọ́n kọ fún ẹlòmíràn, tó bá ti ju 100,000 náírà lọ, CBN ò gbà kí wọ́n san án bẹ́ẹ̀. Inú àkáǹtì ló gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Èyí tó bá sì ju mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lọ, sọ̀wédowó ò lè gbé e láti ọdún 2010. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ nínú sọ̀wédowó owó ilé ẹ̀kọ́, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti owó kòkó ló máa dé iwájú ẹni tó ń wo àwòrán yẹn l'Ékòó, bí a fẹ́ bí a kọ̀.

Ó dùn mí díẹ̀. Nígbà kan, ọ̀gá báńkì mọ oníbàárà ẹ̀ lójú, bí ìbuwọ́lù ẹ̀ bá wọ́, ó mọ̀ pé ara ló ń dàgbà. Ẹ̀rọ ti mú owó yára, ṣùgbọ́n ó ti mú ojú tó mọ èèyàn kúrò níbẹ̀, àwọn báńkì ò sì ránṣẹ́ sí àwọn àgbàlagbà láti ní kí wọ́n wá tún ìbuwọ́lù wọn ṣe kí ìtìjú tó bá wọn. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Kí báńkì tó máa ṣe é, ẹ̀yin náà ẹ lọ fúnra yín, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ àti fọ́tò pélébé dání. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá ti ń gbọ̀n gan-an, kó béèrè bóyá òun lè fi ìka tẹ̀ ẹ́ tàbí kí ọmọ òun kan jọ máa buwọ́ lù ú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí Bàbá buwọ́ lu káàdì tuntun náà. Wọ́n gbìyànjú láti fa ìrù lẹ́tà ìkẹyìn gùn bíi ti 1984, mo sì ní kí wọ́n fi sílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ bí ọwọ́ ṣe gbé e. Wọ́n kọ sọ̀wédowó mìíràn fún ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé owó sì pè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé owó ti wọlé. Bàbá ní kó bá àwọn kí gbogbo àwọn olùkọ́ tó wà ní ọ́fíìsì, kó sì sọ fún wọn ní gbangba pé owó ti wọlé.